Àkúdàáyà àti Òkú Tí Ń Mu Ẹ̀jẹ̀

Ìgbàgbọ́ Yorùbá ni pé ẹni tí ó kú láìpé ọjọ́ lè má tíì lọ sí ọ̀run. Yóò lọ sí ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, yóò ṣiṣẹ́, yóò sì bímọ, títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé. Àkúdàáyà ni a ń pè é. Bí ẹni tí ó mọ̀ pé ó ti kú bá fojú kàn án, yóò pòórá.

Àdúgbò tí èrò pọ̀ sí ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀ bá mu. Ilẹ̀ Àwórì ni Igbó-Elérin, ní apá Ọ̀jọ́ àti Okokomaiko, ṣùgbọ́n ọmọ onírúurú ìlú ló ń gbé ibẹ̀ lónìí. Ayálégbé lè má mọ orírun ẹni tí ó wà ní yàrá kejì.

Àwọn òyìnbó náà ní òkú tí kò sinmi, èyí tí ń mu ẹ̀jẹ̀ alààyè. Nínú ìtàn John Polidori tí ó jáde ní 1819, àti nínú Dracula tí Bram Stoker kọ ní 1897, ìkà paraku ni. Ní 1976 ni Anne Rice, ará Amẹ́ríkà, jẹ́ kí irú òkú bẹ́ẹ̀, Louis, fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn rẹ̀. Louis ń ṣọ̀fọ̀, ó ń wá ìdí tí òun fi wà, kò sì rí ẹni dá a lóhùn. Àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ti pa ọmọbìnrin Rice, ọmọ ọdún 5, ní 1972.

Ṣáájú rẹ̀, ní 1952, Amos Tutuola ti kọ nípa ọkùnrin tí ó wá adẹ́mu rẹ̀ tí ó kú lọ sí ìlú àwọn òkú. Ó bá a níbẹ̀, ṣùgbọ́n adẹ́mu náà kò lè bá alààyè padà wálé.

Louis ń rí ẹ̀jẹ̀ mu, kò rí ẹni dá a lóhùn. Àkúdàáyà rí aya àti ọmọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dárúkọ ìlú rẹ̀ fún wọn. Bí ènìyàn bá jẹ́ aṣọ ènìyàn lóòótọ́, ìhòòhò ni àwọn méjèèjì wà.

Síbẹ̀, ẹnu ẹni tí ó rí àkúdàáyà ni a ti sábà ń gbọ́ ìtàn rẹ̀, tàbí ẹnu aya tí ó wá ọkọ dé ìlú rẹ̀ tí wọ́n fi sàréè hàn án. Ohun tí òkú náà rò ní alẹ́ tí ó kẹ́yìn, kí ó tó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lójú oorun, jẹ́ ohun tí ó yẹ kí òǹkọ̀wé Yorùbá sọ.