Ìdáhùn àti Ẹ̀rí Rẹ̀: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Yẹ Olùtọ́jú Àkọsílẹ̀ Wò



Bí ilé-iṣẹ́ kan bá kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ní ọ̀nà jíjìn, tí a sì bi kọ̀ǹpútà náà ní ìbéèrè, báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé òtítọ́ ni ìdáhùn rẹ̀? Ọ̀nà mẹ́ta ni olùtọ́jú lè gbà tàn wá jẹ: ó lè yí ọ̀rọ̀ padà, ó lè fi apá kan pamọ́, ó sì lè gbé èyí tí ó ti di àtijọ́ fún wa bí ẹni pé tuntun ni.

Ní ọdún 1979, Ralph Merkle ti Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà la ọ̀nà kan. Ìṣirò kan wà tí a ń pè ní hash, tí ń sọ ọ̀rọ̀ yòówù, ì báà gùn, ì báà kúrú, di nọ́ḿbà tí gígùn rẹ̀ kì í yí padà. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀, nọ́ḿbà náà yóò yàtọ̀. Merkle so àwọn nọ́ḿbà wọ̀nyí pọ̀ ní méjì-méjì, ó sì tún so àbájáde wọn pọ̀ bẹ́ẹ̀, títí ó fi ku ẹyọ kan, tí a ń pè ní gbòǹgbò igi. Ẹni tí ó bá ní gbòǹgbò lọ́wọ́ lè yẹ ewé kan wò láìrí ìyókù. Bí àkọsílẹ̀ bá tó 1,000,000, nǹkan bí 20 nọ́ḿbà péré ni ẹ̀rí ọ̀kan nínú wọn.

Ní ọdún 2000, Devanbu, Gertz, Martel àti Stubblebine lo igi yìí fún dátábéèsì. Ẹni tí ó ni àkọsílẹ̀ yóò tò ó lẹ́sẹẹsẹ, yóò sì fi gbòǹgbò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn oníbéèrè ní ọ̀nà tí ó dájú. Bí a bá béèrè àwọn tí ó wà láàrin 100 sí 200, olùtọ́jú gbọ́dọ̀ fi èyí tí ó ṣáájú 100 àti èyí tí ó tẹ̀lé 200 hàn pẹ̀lú ẹ̀rí wọn. Bí ó bá yọ ẹyọ kan, àlàfo yóò tú àṣírí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré ìṣirò lásán. Ní ọdún 2011, àwọn kan já wọ inú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ DigiNotar ní Netherlands, wọ́n sì ṣe ìwé-ẹ̀rí èké ní orúkọ Google. Èyí ni a fi tọpinpin lẹ́tà àwọn ènìyàn ní Iran. Ní ọdún 2013, a tẹ ìlànà Certificate Transparency jáde, tí ó ń to ìwé-ẹ̀rí sínú igi Merkle ní gbangba, kí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Gbòǹgbò àtijọ́ yóò jẹ́rìí sí ìdáhùn àtijọ́. Nítorí náà, ó yẹ kí a máa kọ ọjọ́ sí i, kí a sì máa sọ ọ́ dọ̀tun. Bí olóhun fúnra rẹ̀ bá sì kọ irọ́ sílẹ̀, irọ́ náà ni ẹ̀rí yóò gbè lẹ́sẹ̀. Ìṣirò lè ṣọ́ olùtọ́jú. Àwa ènìyàn ni yóò ṣọ́ òǹkọ̀wé.