Oúnjẹ Tí A Fi Òògùn Sí

Bí ẹnì kan bá sọ fún ọmọ Yorùbá pé wọ́n ti fi òògùn sí oúnjẹ kan, kò ní fọwọ́ kàn án. Ní Ìbàdàn o, ní Kambolé ní Tógò o, ọ̀rọ̀ burúkú ni. Ẹni tí wọ́n fi òògùn sóúnjẹ rẹ̀, ọ̀tá ló ń lépa ẹ̀mí rẹ̀. Síbẹ̀, irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọlọ́sìn adìẹ ń fowó ara rẹ̀ rà ní Sokodé. Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ̀wé lórí ìtọ́jú adìẹ ti kan ìṣòro kó tó dé ìdí orúkọ Látìn kankan.

Coccidiose ni àwọn oníṣègùn ẹran ní Tógò ń pe àrùn tí wọ́n ń torí rẹ̀ fi òògùn sí oúnjẹ adìẹ, torí Faransé ni wọ́n fi kàwé. Ohun alààyè bíńtín tí ojú lásán kò rí, Eimeria, ló ń fà á, oríṣi méje ló sì ń bá adìẹ jà. Òròmọdìẹ tó ti pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà ló sábà máa ń mú. Ìyẹ́ rẹ̀ á rọ̀, á máa gbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ á sì máa bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde. Ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni orúkọ tó yá lẹ́nu, ó sì bá Eimeria tenella mu dáadáa. Àmọ́ Eimeria acervulina kì í sábà mú ẹ̀jẹ̀ wá. Adìẹ á kàn máa jẹun láìtóbi, owó oúnjẹ á sì máa ṣòfò. Ẹni tó bá ń wo ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kò ní mọ̀ pé àrùn náà ti wà nílé. Nítorí náà mo fi ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wá, mo sì pe gbogbo ẹbí Eimeria ní kọkisídíà, èyí tí ará Tógò tó gbọ́ Faransé àti ará Nàìjíríà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì á jọ dá mọ̀. Àfòmọ́ ni mo pe irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ lápapọ̀. Àgbẹ̀ tó ti rí àfòmọ́ lórí igi òrí kò nílò àlàyé.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rù rẹ̀ bà mí jù ni kòkòrò. Ìwé ìlera máa ń sọ pé kòkòrò àrùn, kò sì sí ẹni tó ń jiyàn. Bí a bá tẹ̀ lé wọn, òògùn tó ń bá kọkisídíà jà á di apakòkòrò. Ṣùgbọ́n wọ́n ń gbin òwú ní ẹkùn tí Kambolé, Tchamba àti Sokodé wà, òwú kì í sì í fẹ́ gbérí láìsí òògùn tí wọ́n ń fín sí i. Apakòkòrò tí àgbẹ̀ mọ̀ nìyẹn. Ẹni tí ìwé bá sọ fún pé kó po apakòkòrò mọ́ oúnjẹ òròmọdìẹ, tó sì lọ bu ti òwú, ta ni ká dá lẹ́bi? Èmi á dá òǹkọ̀wé lẹ́bi.

Pípa tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà kò tiẹ̀ bá iṣẹ́ gbogbo àwọn òògùn náà mu. Amprolium, tó jáde ní 1960, jọ fítámì B1 tó bẹ́ẹ̀ tí kọkisídíà fi ń gbà á dípò fítámì gidi, tí ìdàgbàsókè rẹ̀ á sì dúró. Monensin, tó dé ọjà ní 1971, ń jẹ́ kí sódíọ̀mù ya wọ inú ẹ̀dá náà; omi á tẹ̀ lé e, ẹ̀dá náà á wú, á sì bẹ́. Adẹ́kun kọkisídíà gba àwọn méjèèjì, kò sì sí ẹni tó máa lọ wá adẹ́kun nínú ìgò òògùn òwú.

Ẹyin ńkọ́? Kọkisídíà máa ń bá ìgbẹ́ jáde nínú èèpo líle kan, orúkọ tí àwọn onímọ̀ sì fún un ní ìtumọ̀ ẹyin nínú. Ẹ gbìyànjú kí ẹ sọ fún ìyá tó ń ta ẹyin pé kó ṣọ́ra fún ẹyin tó wà nínú ìgbẹ́ adìẹ rẹ̀, kí ẹ wo ojú tó máa fi wò yín. Hóró ló tọ́. Hóró tútù kò lè ṣe adìẹ ní nǹkan kan. Bó bá rí omi, ooru àti afẹ́fẹ́ fún ọjọ́ kan sí méjì, á gbó. Ẹ̀dá mẹ́jọ ló máa wà nínú rẹ̀, adìẹ tó bá ṣà á jẹ ti kó àrùn. Ọ̀pọ̀ òògùn ìfọlé kò ràn án. Gbígbó yìí ló fi yé ọlọ́sìn ìdí tí èérún pákó tó rin yí ìkòkò omi ká fi léwu láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, tí òjò ń rọ̀ ní ẹkùn Sokodé.

Ó kù oúnjẹ náà fúnra rẹ̀. Àjẹsára ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, ó sì dùn mọ́ mi, torí jíjẹ wà nínú rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀. Gbogbo ayé ti gbà pé ohun tó ń kọ́ ara bí yóò ṣe jà ni àjẹsára, oúnjẹ yìí kì í sì í kọ́ ara ní ohunkóhun. Bí òògùn inú rẹ̀ bá le jù, adìẹ kì í rí kọkisídíà tó kí ara rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Oúnjẹ ìdènà ni mo mú. Ó ní èkejì, ìyẹn omi ìwòsàn: adìẹ tó ti ṣàìsàn kì í fẹ́ jẹun mọ́, àmọ́ á ṣì máa mu omi, inú omi ni wọ́n sì ń gbà tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ méjèèjì ti mọ èyí tó máa rà.

Lórí ìwọ̀n, kí òògùn dúró fún ohun tó ń ṣiṣẹ́, kí ìyẹ̀fun dúró fún ohun tí wọ́n ń tà. Gíráàmù 125 amprolium ló ń lọ sínú tọ́ọ̀nù oúnjẹ ìdènà kan. Bí àkọlé ìyẹ̀fun bá sọ ìdá 20 nínú 100, ìyẹ̀fun gíráàmù 625 nìyẹn, tàbí nǹkan bí 31 fún àpò kìlò 50.

Ibì kan wà tí Yorùbá ti la ọ̀rọ̀ ju Faransé lọ. Volaille ni Faransé ń pe adìẹ, awó, pẹ́pẹ́yẹ àti tòlótòló lápapọ̀, àwọn kan sì ti ń sọ pé ká pè é ní ẹyẹ ọ̀sìn. Ó dára fún ìwé ìjọba. Lára àpò oúnjẹ tó ní monensin, ó burú, torí monensin ń pa awó, ó sì ń pa ẹṣin. Wọ́n ń sin awó ní àárín gbùngbùn Tógò, ẹṣin sì níyì lọ́dọ̀ àwọn Tem tó ni Sokodé. Kí wọ́n kọ ọ́ sára àpò náà báyìí: ti adìẹ nìkan, ẹ má fún awó, ẹ má fún ẹṣin. Kí wọ́n sì kọ ọ́ ní èdè Tem sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí àpò kan náà ni gbogbo wọn ń rà.