Ọjọ́ Kejìlá Oṣù Kẹfà nínú Ìtàn Eré Ìtàgé Yorùbá

Ní ìlú òyìnbó tí mo ti kàwé gboyè, ìwé ìròyìn a máa ya igun kan sọ́tọ̀ lójoojúmọ́ fún orúkọ àwọn òṣèré àti olórin tí a bí ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àti fún eré tí a kọ́kọ́ ṣe ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Ó di bárakú fún mi láti kà á. Bí mo ti ń kà á ni ọkàn mi ń bi mí pé, bí a bá ní kí á ṣe irú rẹ̀ fún àwọn òṣèré ilẹ̀ Yorùbá, ọjọ́ wo ni ó dá wa lójú tó láti kọ sílẹ̀?

Mo gbé ìbéèrè yìí dé Ìtapàjí-Èkìtì nígbà ìsinmi kan. Mo bi àgbàlagbà kan níbẹ̀ pé, “Bàbá, ọjọ́ wo ni wọ́n bí yín?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìyá mi ní ogun Hítílà ń lọ lọ́wọ́, wọ́n sì ti jẹ iṣu tuntun. Ìyẹn kò ha tó?” Ó tó lóòótọ́. Láti 1939 dé 1945 ni ogun náà fi jà, ìgbà tí iṣu tuntun ń jáde sì hàn sí gbogbo àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dárúkọ ọjọ́ 12 oṣù kẹfà fún un, kò ronú rárá: “Ọjọ́ tí a dìbò fún Abíọ́lá ni.”

Òótọ́ ni Bàbá sọ. Ní ọjọ́ náà ní 1993 ni ìbò ààrẹ wáyé, tí ìjọba ológun sì fagi lé e kí oṣù náà tó parí. Ní 2018 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọjọ́ náà ni a ó máa ṣe àyájọ́ ìjọba àwa-ara-wa dípò ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, ó sì ti di ọjọ́ ìsinmi láti 2019. N kò ní àríyànjiyàn kankan pẹ̀lú èyí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé rántí ni pé, ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ṣáájú ìbò náà, ọjọ́ yìí kan náà ti ní orúkọ mìíràn.

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1944, tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn ọmọ ogun gúnlẹ̀ sí etíkun Normandy, ọlọ́pàá kan tí ó ti ṣe tíṣà rí, Hubert Ògúǹdé, gbé eré kan jáde ní gbọ̀ngàn ìrántí Glover ní Èkó. Orúkọ eré náà ni The Garden of Eden and the Throne of God. Ìjọ aládùúrà kan ni ó bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Àwọn ìjọ ti máa ń ṣe eré olórin láti inú Bíbélì kí ó tó dé, ṣùgbọ́n ńṣe ni àwọn akọrin máa ń dúró gbagidi bí òpó. Ògúǹdé ní kí tirẹ̀ jó, kí wọ́n sọ̀rọ̀, kí wọ́n fi ara ṣe ohun tí ẹnu ń wí. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ ní 1945, tí ó sì dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, kí ó lè máa fi eré jẹun.

Kò sì pẹ́ rárá kí eré náà tó kan ọ̀ràn ìlú. Ní 1945 kan náà, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, ó ṣe Strike and Hunger, ìjọba òyìnbó sì fòfin dè é ní Jos. Nígbà tí ó ṣe Yorùbá Ronú ní 1964, ìjọba tí ó fòfin de òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn kì í ṣe ti òyìnbó mọ́. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n. Àwọn ológun ni ó tú òfin náà ká ní 1966. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rò pé ọjọ́ ìbò àti ọjọ́ eré kò bára tan, kí ó tún un rò.

Ẹnì kan lè ní kí ló dé tí a kò mú ọjọ́ ìbí Ògúǹdé fúnra rẹ̀. Ìwé kan sọ pé ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún 1916 ni. Òmíràn ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún náà ni. Ti Dúró Ládiípọ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n fẹnu kò lórí ọjọ́ 18 oṣù kejìlá, ṣùgbọ́n àwọn kan ní 1926, àwọn kan ní 1931. Orúkọ rẹ̀ gan-an sọ ju ọjọ́ lọ. Dúródọlá, Dúróṣọmọ, Dúróoríkẹ́: ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé àwọn òbí rẹ̀ ti sunkún ọmọ kí ó tó dé. Ní tèmi, ọjọ́ eré ni kí òpìtàn dì mú, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó jókòó wò ó.

Àwọn alárìnjó ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe níkà. Ó pẹ́ gan-an tí wọ́n ti ń ṣeré kí a tó bí Ògúǹdé, síbẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a rí dì mú nínú ìtàn wọn, ìwé àlejò ni ó wà. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 22 oṣù kejì 1826, Aláàfin pe Clapperton, ará Skọ́tíláǹdì, láti wá wòran ní Ọ̀yọ́-Ilé. Ó rí àwọn tí ó wọ àpò, ó rí òjòlá ńlá tí ń wọ́ kiri, ó sì rí òyìnbó funfun kan tí ń rìn bí ẹni tí òtútù mú. Òun gan-an ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa!

Èkìtì náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá 1925 ni a bí Kọ́lá Ògúnmọ́lá ní Òkèmẹ̀sí. Tíṣà ni òun náà kí ó tó di òṣèré. Láńkẹ́ Ọ̀mùtí, tí ó ṣe láti inú ìwé Amos Tutùọlá, dé Algiers ní 1969, ó sì kú ní 1973.

Mo padà sọ́dọ̀ Bàbá ní Ìtapàjí, mo sọ ti Ògúǹdé àti ọjọ́ 12 fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀. “1944 kẹ̀? Ogun Hítílà kọ́ nìyẹn?” Mo ní òun ni. Ó ní, “A jẹ́ pé ẹgbẹ́ mi ni eré náà.”