Fádà Carroll àti Ilé-Iṣẹ́ Ọnà tí ó wà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Bí ọmọ Ọ̀yẹ́ bá wọ ilé ìkàwé ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà, tí ó sì ṣí ìwé tí ó sọ nípa ọnà ilẹ̀ Yorùbá, kò ní pẹ́ kí ó tó bá orúkọ ìlú wa pàdé níbẹ̀. Kì í ṣe nítorí ogun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe nítorí ọjà. Nítorí iṣẹ́ igi ni, iṣẹ́ tí a ṣe láàárín ìlú yìí fún ọdún méje péré, láti 1947 títí di 1954. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Ìdí nìyí tí a fi kọ ọ́ sínú ìwé ọdún yìí.

Àlùfáà Ìjọ Àgùdà méjì ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà: Fádà Sean O'Mahony àti Fádà Kevin Carroll, ọmọ ẹgbẹ́ SMA ni àwọn méjèèjì. Fádà Carroll ni ọ̀rọ̀ wa yóò dá lé jùlọ, nítorí òun ni ó pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ náà, òun náà ni ó sì kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Ìlú Liverpool ni a ti bí i ní 1920. Ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana nísinsìnyí, kí ó tó wá sí ọ̀dọ̀ wa.

Kí ohun tí wọ́n ṣe tó lè yé wa, ẹ jẹ́ kí á rántí bí nǹkan ti rí ní ìgbà náà. Ère tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, òkè òkun ni ó ti ń wá. Olójú funfun, onírun gígùn ni. Ère tí bàbá wa gbẹ́ ni wọ́n ń pè ní òrìṣà, a sì ń sọ fún ẹni tí ó bá gba ìgbàgbọ́ pé kí ó kó wọn dànù tàbí kí ó sun wọ́n níná. Agbẹ́gilére tí ó fẹ́ ṣe ìrìbọmi rò pé òun yóò fi àáké òun sílẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, tí ẹni tí ń ra ọ̀pó àti ilẹ̀kùn gbígbẹ́ ń dínkù, iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kú.

Fádà Carroll kò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí. Èrò rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ère Yorùbá kì í ṣe àwòrán òrìṣà rárá: ìyá tí ó pọn ọmọ ni, jagunjagun lórí ẹṣin ni, ọba pẹ̀lú adé rẹ̀ ni. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ó ṣe tí ọwọ́ tí ó gbẹ́ ọba lórí ẹṣin kò fi lè gbẹ́ àwọn amòye tí wọ́n wá kí Jésù? Wọ́n sì gbẹ́ wọn, pẹ̀lú ìmúra ọba Yorùbá. Kì í ṣe igi nìkan: àwọn ahunṣọ hun aṣọ tí àlùfáà ń wọ̀ láti ṣe Mísà, àwọn oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ àti oníṣẹ́ awọ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tí a yìn jù nínú ọgbọ́n àlùfáà yìí ni pé kò pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá ọnà. Kò kọ́ ẹnikẹ́ni bí àwọn Òyìnbó ti ń gbẹ́ igi. Ó wá ọ̀gá láàárín àwa fúnra wa, ó sì rí George Bándélé, ọmọ Àrẹ̀ògún ará Òsì, gbajúmọ̀ agbẹ́gilére tí ó kú ní 1954. Lọ́dọ̀ Bándélé ni Lámídì Fákẹ́yẹ ti wá kọ́ṣẹ́, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ìdílé agbẹ́gilére láti ìran dé ìran. Lámídì ti mọ igi í gbẹ́ kí ó tó dé Ọ̀yẹ́. Síbẹ̀ ó jókòó bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Mùsùlùmí ni, kò sì sí ẹni tí ó ní kí ó fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ṣọ́ọ̀ṣì.

Fádà a máa jókòó ti àwọn oníṣẹ́, a sì máa kọ ohun tí ó rí sílẹ̀: bí agbẹ́gilére ti ń lé ọnà lórí ìtì igi, bí ó ti ń tún un lé kí ojú, apá àti ẹsẹ̀ tó yọ, bí ó ti ń dán an, àti bí ó ti ń fi ọ̀bẹ fín in nígbẹ̀yìn. Nínú ìwé rẹ̀, *Yoruba Religious Carving*, tí ó jáde ní 1967, ni ó kó àkọsílẹ̀ wọ̀nyí sí. Bí kò bá kọ wọ́n, tá ni ìbá kọ wọ́n?

Ọ̀tá iṣẹ́ náà kò wọ́n. Àwọn kan nínú Ìjọ rò pé kèfèrí ni ó ń mú wọ inú ilé Ọlọ́run. Lápá kejì, Ulli Beier, ẹni tí ó fẹ́ràn ọnà Yorùbá gidigidi, rò pé ère tí a gbẹ́ láìsí ìgbàgbọ́ àtijọ́ nínú rẹ̀ kò lè ní ẹ̀mí. Àwa kò fara mọ́ èkíní rárá. Ti èkejì le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí a ti rí ère tí ó dà bí ẹni pé owó nìkan ni a ṣe gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti fi ojú rí iṣẹ́ Bándélé yóò ṣòro fún láti sọ pé kò ní ẹ̀mí.

Ní 1954 a ti ilé-iṣẹ́ náà. Oníkálùkù bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n Fádà Carroll kò jáwọ́ nínú fífún wọn níṣẹ́ títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Ó papòdà ní 1993, ọdún kan lẹ́yìn tí ìwé rẹ̀ lórí ilé kíkọ́ ní Nàìjíríà jáde. Ní 1987 Lámídì ti gbẹ́ ère Odùduwà tí a gbé sí Yunifásítì Ifẹ̀. Òun náà re ibi àgbà á rè ní 2009.

Bí ẹnikẹ́ni nínú wa, nílé tàbí lẹ́yìn odi, bá ní ère, aṣọ tàbí fọ́tò kan tí ó ti ilé-iṣẹ́ náà jáde, tàbí tí òbí rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, a bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ̀wé sí akọ̀wé Ẹgbẹ́ wa kí ọdún yìí tó parí.