Ìjà Òjìji: Ojú Inú Nínú Eré Ìdárayá ní Yábàá àti Sùúrùlérè

Nígbà tí wọ́n bá ń kọ ìtàn eré ìdárayá ilẹ̀ wa, góòlù àti ife ẹ̀yẹ ni wọ́n sábà máa ń kà. Ohun tí akọ́nimọ̀ọ́gbá sọ sí elére létí kí eré tó bẹ̀rẹ̀ kì í sábà wọ inú ìwé. Ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ yẹ̀ wò níbí: “Fojú inú wò ó ná.” Ìyẹn ni pé kí olùsáré rí ìlà ìparí kó tó gbéra, kí agbábọ́ọ̀lù rí igun tí pẹnáritì rẹ̀ yóò gbà wọlé kó tó gbá a.

Àwọn òyìnbó ti kọ̀wé lórí ọgbọ́n yìí tipẹ́. Láti nǹkan bí 1972 ni Richard Suinn, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti ń kọ́ àwọn elére orí yìnyín Amẹ́ríkà pé kí wọ́n dẹ ara sílẹ̀, kí wọ́n sì sáré ọ̀nà náà tán lọ́kàn kí wọ́n tó sá a ní tòótọ́. Ní 1974, Jack Nicklaus, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú gọ́ọ̀fù, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ pé òun máa ń kọ́kọ́ rí bọ́ọ̀lù náà lọ́kàn bí ìgbà téèyàn ń wo fíìmù. Ẹni tó bá ka ìwọ̀nyí lè rò pé inú ìwé òyìnbó ni àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá wa ti rí i. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ẹ̀ṣẹ́ jíjà. Ní Rowe Park, Yábàá, àti ní jíìmù Brai Ayonote tó wà nínú Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-Èdè ní Sùúrùlérè, òjìji ni abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò kọ́kọ́ ń bá jà. Á dá dúró, kò sẹ́ni níwájú rẹ̀, síbẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á sún sẹ́yìn, á ju ẹ̀ṣẹ́. Ẹni tí kò mọ̀dí lè rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Òjìji tí à ń wí yìí kì í ṣe ti ara rẹ̀ o. Alátakò kan ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu yà síwájú rẹ̀: ó ga jù ọ́ lọ, ọwọ́ òsì rẹ̀ gùn, ó ti ń bọ̀! Bí ọmọ náà kò bá rí ẹnikẹ́ni, afẹ́fẹ́ lásán ló ń gbá, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó mọṣẹ́ yóò sì rí i lójú rẹ̀ kíá. (Àwọn kan á ní oògùn ni. Bó bá jẹ́ oògùn ni, a jẹ́ pé òógùn ara ni wọ́n fi sè é.)

Èso rẹ̀ kò kéré. Hogan Bassey, ọmọ Creek Town nítòsí Kàlàbá tó wá sí Èkó ní kékeré, na Cherif Hamia ní Paris ní 24 oṣù kẹfà 1957, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba bẹ́líìtì àgbáyé. Nojim Maiyegun, ọmọ Èkó, gba idẹ ní Tokyo ní 1964, àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní. Láti ìgbà náà títí di 1996, ẹ̀ṣẹ́ nìkan fún wa ní àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì mẹ́fà: fàdákà mẹ́ta, idẹ mẹ́ta. A mọ orúkọ àwọn tó gbà wọ́n. Àwọn tó dúró lẹ́yìn okùn ńkọ́?

Ṣùgbọ́n ojú inú kì í rí ohun tí ojú òde kò rí rí. Ní 2001, Paul Holmes àti Dave Collins ní Bìrìtìkó ṣàlàyé pé àwòrán ọkàn máa ń ṣiṣẹ́ jù bí ó bá jọ òótọ́: aṣọ eré lọ́rùn, ibi ìdíje gan-an lójú, kí ìyára rẹ̀ sì bá ti eré mu. Ní 22 oṣù kẹta 1980, ní Sùúrùlérè, Nàìjíríà na Àlùjíríà 3-0. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Muda Lawal gbá ọ̀kan. Ọmọ Mushin tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ní ohun tó lè máa rí bó bá di ojú. Pápá kan náà, tí wọ́n kọ́ nítorí Ìdíje Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà ti 1973, ni wọ́n wá pa tì fún ọ̀pọ̀ ọdún tí igbó fi hù níbẹ̀. Kí ni ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìyẹn fẹ́ rí?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń ká wa lára. Ìwádìí tí Driskell, Copper àti Moran kó jọ ní 1994 fi hàn pé fífi ọkàn dánra wò ń ranni lọ́wọ́, àmọ́ kò tó fífi ara ṣe é. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá ní kí ọmọ fojú inú wo alátakò, ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ ọ. Bí ó bá wá di pé kó fojú inú wo ibọ̀wọ́, kó fojú inú wo ọ̀nà ìsáré, àìní ni wọ́n fi orúkọ ẹ̀kọ́ bò. Ó jọ pé ìdí kan tí ẹ̀ṣẹ́ kò fi kú ní Mainland nìyẹn, nítorí òjìji kì í gbowó. Ṣùgbọ́n ta ló lè fi òjìji kọ́ ẹni tó ń fi ọ̀pá fò?

Díẹ̀ nínú àwọn tó ń pariwo “ó ti ń bọ̀” sétí àwọn ọ̀dọ́ ṣì wà láàyè, Yorùbá sì ni púpọ̀ nínú wọn fi ń pa àwòrán náà. Láti Akọka dé Rowe Park kò jìnnà, fóònù tó ń gba ohùn sì wà lọ́wọ́ gbogbo wa.