Polycarboxylate nínú sìmẹ́ǹtì eyín àti ti ilé

Kí ọdún 1968 tó dé, sìmẹ́ǹtì tí àwọn oníṣègùn eyín ń lò kì í lẹ̀ mọ́ eyín ní ti gidi. Ńṣe ló ń há sí ojú ibi tó rí págunpàgun. Ọdún náà ni Dennis Smith, onímọ̀ kan ní Manchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kéde sìmẹ́ǹtì polycarboxylate. Lẹ́búlẹ́bú zinc oxide ni wọ́n ń pò mọ́ polyacrylic acid, ásíìdì tó ń di kálísíọ́ọ̀mù inú eyín mú. Kì í sábà ta eyín bíi ti zinc phosphate tó ṣáájú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò le tó o.

Òdìkejì ni ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ṣe jáde ní Japan fún ilé kíkọ́, láàárín ọdún 1980 sí 1989, ń ṣe. Ó ń lé horo sìmẹ́ǹtì jìnnà síra kí wọ́n má baà ṣù pọ̀. Kọnkéré á rọ̀, á ṣeé dà, bí wọ́n tilẹ̀ dín omi rẹ̀ kù tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Omi yìí gan-an ni ọ̀ràn wà. Àwọn bíríkìlà wa fẹ́ràn láti bu omi kún kọnkéré kó lè rọrùn láti dà, bẹ́ẹ̀ èyí tó bá ṣẹ́kù yóò gbẹ, yóò fi ihò tín-ín-tín sílẹ̀, òpó tí a rò pé ó le yóò sì di ẹlẹgẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó fẹ́ lo èròjà yìí yẹ yanrìn rẹ̀ wò: amọ̀ inú yanrìn a máa fà á mu.