Awọ Tó Wà Lábẹ́ Ìdí Wa

Ẹni tó bá gba Kétu wọ Ìkòsì láàárọ̀, ọsàn àti ọ̀pẹ òyìnbó ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bá, nítorí ọjà èso ló sọ àdúgbò wa di ìlú-mọ̀ọ́ká. Iṣẹ́ tèmi kò lókìkí tó bẹ́ẹ̀. Àga ọkọ̀ ni mò ń ṣe. Mo ń tú u, mo ń rán an, mo ń pààrọ̀ fóòmù rẹ̀. Tó bá wá jẹ́ àga ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi ojúlówó awọ bò, mo máa ń bẹ ẹni tó ni ín pé kó jẹ́ kí n tún un ṣe, ká má tú u dànù. Ó máa ń yà wọ́n lẹ́nu, torí wọ́n ti gbà pé kí oníṣẹ́ àga ṣáà rí nǹkan tuntun tà ni.

Àwọn ọmọṣẹ́ mi rò pé òyìnbó ló kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń fi awọ bo ohun ìjókòó. Irọ́ ni. Kí mọ́tò tó dé rárá, àwọn oníṣọ̀nà awọ ní Ọ̀yọ́ ti ń rán tìmùtìmù fún ìjókòó àwọn ọlọ́lá, wọ́n ń ṣe gàárì ẹṣin, wọ́n ń ṣe àpò àti abẹ̀bẹ̀. Ní ti awọ ewúrẹ́ tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ awọ ilẹ̀ Haúsá, èso igi tí wọ́n ń pè ní bagaruwa ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́ kó má baà jẹrà. Pupa rẹ̀, ara pòròpórò ọkà bàbà ló ti ń jáde, ọkà bàbà kan náà tí ìyá mi máa ń sè fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá lọ sílẹ̀. Nígbà náà, awọ Kánò àti ti Sókótó ló ń gun ràkúnmí la aṣálẹ̀ Sàhárà já lọ sí Mòrókò, ibẹ̀ ló ti ń dé Yúróòpù, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní awọ Mòrókò. Ẹni tó ṣiṣẹ́ wà ní Kánò, ẹni tó gba orúkọ wà létí òkun. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Nígbà tí mọ́tò wá dé Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, W. A. Dáwódù wà lára àwọn ọmọ Èkó tó kọ́kọ́ fi títà àti títún un ṣe jẹun. Àga ọkọ̀ olówó ńlá ayé ìgbà yẹn, awọ màlúù lókè, irun ẹṣin láàárín, sípíríǹgì nísàlẹ̀. Mẹ̀kúnnù kò dé ibẹ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yóò fi kan mẹ̀kúnnù, kì í ṣe awọ mọ́. Lọ́dún 1975 ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, Volkswagen náà sì bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ lójú ọ̀nà Bàdágìrì. Owó Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù, ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nígbà náà, tíṣà ń ra Volkswagen Ìjàpá, akọ̀wé ń ra Peugeot 504. Rẹ́síìnì, awọ àtọwọ́dá, ló bo àga ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn míì kì í tilẹ̀ yọ ọ̀rá tó bá àga wá láti ilé iṣẹ́ kúrò. Orí ọ̀rá yẹn ni wọ́n ń jókòó sí tí wọ́n ń làágùn títí yóò fi fà ya fúnra rẹ̀.

Ọdún 1986 ló wá la ọ̀nà fún iṣẹ́ wa. Ìjọba Babangida gbé SFEM, ọjà pàṣípààrọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè, dé ní oṣù kẹsàn-án, náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun sì di ohun tí apá kò ká mọ́. Ẹni tó ní ọkọ̀ rọ̀ mọ́ ọn bí ó ti gbó tó. Ẹni tí kò ní, tòkunbọ̀ ló kù fún un. Àwa alága ọkọ̀ rí ṣe. Ohun tí gbogbo ayé ń fẹ́ nígbà náà ni kí inú ọkọ̀ máa dán. Awọ tó ti lo ogún ọdún, tó ṣì lè lo ogún ọdún míì, wọ́n ń fi bíléèdì ya á sọ sí ààtàn, wọ́n ń fi rẹ́síìnì dúdú rọ́pò rẹ̀. Lójú tèmi, òfò tí kò láfiwé ni.

Àmọ́ ká má purọ́, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní awọ kì í ṣe awọ láti ìpilẹ̀. Alàájì kan gbé Mercedes 280 wá, irú èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1976 sí 1985. Ó ní awọ rẹ̀ kò fà ya rí. Mo tú etí àga nísàlẹ̀, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, mo fi hàn án.

“Alàájì, ẹ má bínú o. Ẹ wò ó, aṣọ ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ̀yìn awọ a máa ní irun wúyẹ́wúyẹ́.”

“Ṣé o ní wọ́n rẹ́ mi jẹ?”

“Rárá, sà. MB-Tex ni, awọ àtọwọ́dá ti Mercedes. Àwọn ará Jámánì ló ṣe é, ó le ju awọ lọ.”

Inú rẹ̀ kò dùn. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo sọ: ọṣẹ àti omi péré ni àga yẹn ń fẹ́.

Awọ tòótọ́ kò rọrùn báyẹn. Ọkùnrin kan jogún Jaguar Mark 2 lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Awọ Connolly, ilé iṣẹ́ Lọ́ńdọ̀nù tó bẹ̀rẹ̀ ní 1878, ni Jaguar ń lò láyé ọjọ́un. Oòrùn tó ń gba gíláàsì ẹ̀yìn wọlé ti sọ orí àga ẹ̀yìn di gbígbẹ paraku, ó sì ti là láàárín. Wọ́n ti ń fi Vaseline pa á lójoojúmọ́ kó lè dán. Vaseline yẹn ló ń fa eruku mọ́ra. Mo fi ìfófòó ọṣẹ nù ún, mi ò da omi sí i, mo sì gbé e síbòji kó gbẹ, torí oòrùn ló ṣe é ní ibi. Lẹ́yìn náà ni òróró awọ, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi rọ̀ tó sì ṣeé tẹ̀. Mo ti aṣọ líle gba ojú ibi tó là wọ abẹ́ rẹ̀, mo fi gọ́ọ̀mù tó ń nà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, mo dí ojú rẹ̀, mo fi sáńpépà ha á, kí n tó fọ́n àwọ̀ sí i fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ojú rírán tó tú, ọwọ́ ni mo fi rán an, inú ihò àtijọ́ ni mo sì tún ki abẹ́rẹ́ bọ̀. Bí máṣíìnì bá lu ihò tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, ṣe ni awọ yóò ya bí etí sítáǹpù.

Nígbà tó wá gbé e, ó fọwọ́ pa á, ó wò ó títí.

“Ọ̀gá, kò dán o.”

Mo ní bí awọ tòótọ́ ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ó sanwó, ó ní kò burú, òun yóò ra ọ̀rá bò ó kó má baà tún bàjẹ́. Mo ní kó má dán an wò. Ọ̀rá á mú kó làágùn, yóò sì bu. Ìbòrí òwú ni kó rà, kó sì máa gbé ọkọ̀ náà sábẹ́ òrùlé.